Eyínafẹ́ àti Orin Ọfà Inú Tẹlifíṣàn

Ọjọ́ Ajé, 4 Bélú 2024
Eyínafẹ́ dé lónìí láti Oǹdó. Àbúrò ọkọ mi. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà èmi ni ìyàwó rẹ̀. N kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Kódà nínú ìwé yìí, n kò ní kọ ọ́. Àlàfo eyín iwájú rẹ̀ ni mo wò lọ́jọ́ kìíní tí mo fi sọ ọ́ ní Eyínafẹ́.
Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní gáréèjì Iyaro, ní Bìní níbí, gíláàsì dúdú lójú, bí ìyàwó olóyè. Ó ní òun kàn wá kí wa ni. Ó gbá Motọ́lání mọ́ra, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ni Motọ́lání, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń lọ sí yunifásítì. Èmi ni mo tọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Bélú
Eyínafẹ́ béèrè kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló tún ń rántí ẹrù yẹn! Bàbá ọmọ mi — kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere — rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀, nígbà tí à ń gbé ní Ogbe. Pátákó bọ́tìnnì lásán ni. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣàn, wọ́n á fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Motọ́lání fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nu eruku ara rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́! Kásẹ́ẹ̀tì ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, lẹ́yìn náà ni àwòrán jáde: pátákó róbótó kan lára ògiri, àti ọwọ́ kan tó di ọfà kékeré mú, tó ń rìn káàkiri bí ọwọ́ ọ̀mùtí. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ á ju ọfà.
Orin sì bẹ̀rẹ̀. Tín-tín-tìn, tó-tó, tín. Bí ẹ̀fọn tó kọ́ dùùrù. Kó tó dé ìdajì, Eyínafẹ́ ti ń fi imú kọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n dé òpin.
Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ máa ń ta á, nígbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wa — tí èmi wà lọ́jà Aduwawa, tí mò ń ta àwo tánganran. Kò sẹ́ni tó pè mí sí i rí.

Ọjọ́bọ̀, 7 Bélú
Iṣẹ́ àmúrelé kò ṣeé ṣe. Tíṣà Iredélé ní kíláàsì àgbà, níbi tí mo ti ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ní kí á ka ojú ìwé méjì. Tẹ́lẹ̀, Motọ́lání ló máa ń jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, tí a jọ ń kà á. Báyìí, ìrọ̀lẹ́ ti di ti ọfà. "Granmá, abeg, e remain small." Kékeré yẹn kò tán títí mo fi sùn.
Igun ni mo jókòó sí, mo sì ti mọ òfin rẹ̀. Kálukú á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 501. Ọfà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Iye tó o bá ta, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òdo ló borí — ṣùgbọ́n ọfà ìkẹyìn gbọ́dọ̀ bà sí òrùka tín-ín-rín etí pátákó, èyí tó ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì. Bí o bá ta kọjá òdo, wọ́n á dá ọ padà.
Eyínafẹ́ ló ń borí ṣáá. Kò tiẹ̀ wo pátákó! Á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù, Motọ́lání á ka iye tó kù fún un bí ìránṣẹ́, á kàn tẹ bọ́tìnnì — gbà! Àárín gbùngbùn. Irú ìgbéraga wo nìyẹn?
"Big Mummy too sabi!" Motọ́lání ń pàtẹ́wọ́. Big Mummy.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Bélú
Ìtìjú bá mi lónìí.
Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Motọ́lání kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ta sójú tẹlifíṣàn. Ó kọ ti Eyínafẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹnu mi yìí, tó ti ń ka pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù, tó ń ka ara agolo mílíìkì, kò dúró dè mí. Mo kà á sókè ketekete! Orúkọ tí n kò pè láti bí àádọ́ta ọdún.

Eyínafẹ́ ní, "Ta ló pè mí?"
Mo ní èmi kọ́, tẹlifíṣàn ni.
"Tẹlifíṣàn ilé yìí mà gbọ́ Yorùbá o! Ìyàwó, kúnlẹ̀."
Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ń ké. Motọ́lání náà ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò sọ fún wa pé ìwé kíkà a máa mú àgbàlagbà kúnlẹ̀.
Orúkọ tèmi ńkọ́? GRANMA ló kọ. Bí ẹni tí wọn kò sọ lórúkọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Bélú
Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Mo wo dígí. Tèmi ti ń tán lọ.

Ọjọ́rú, 13 Bélú
Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. A ń jẹun lọ́wọ́ ni Eyínafẹ́ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ lòun ń lọ, òun á sì gbé kọ̀ǹpútà dání. "Ohun ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyàwó kì í jogún ọkọ." Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa, n kò lè jiyàn. Ó tún ní kí Motọ́lání wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Motọ́lání kò sọ pé rárá!
Mo ní, "Àwo tí mo tà ní Aduwawa ló ń bọ́ wa lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n yín rà á."
Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o mọ̀ ọ́n ta ni?"
Motọ́lání fẹ́ parí ìjà. Ó ní kí àwa méjèèjì ta á lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá borí ló ni kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun á sì ti lo ìsinmi.
Mo gbà. Ẹnu ti lọ síbi tí ọwọ́ kò tíì dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Bélú
Mò ń kọ́ ọ ní kọ̀rọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí Eyínafẹ́ bá sùn. Mo yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá kí ó má baà gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè — ọwọ́ inú tẹlifíṣàn kò lọ́jọ́ orí ní tirẹ̀. Ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀ nígbà gbogbo. Mo ti fi ojú mú un.
Ó sì sàn kí orin yẹn dákẹ́. Ẹ̀rín àwọn méjèèjì ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Bélú
MO BORÍ.
Fúnra mi ni mo tẹ orúkọ mi síbẹ̀: OLANIKE. Kì í ṣe Granma. Mo wá ní kí Motọ́lání pa ohùn tẹlifíṣàn, pé orin ń dí mi lọ́wọ́.
Eyínafẹ́ ní, "Jẹ́ kó máa kọ, ìyàwó."
Mo ní, "Ṣé ọfà lẹ fẹ́ ta ni, àbí ẹ fẹ́ jó?"
Motọ́lání rẹ́rìn-ín, ó pa á.
Ọfà rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ bá ògiri. Èkejì, ògiri. Ó ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Mo ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà o! Ẹ wo pátákó ná." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Nígbà tó ku méjì fún mi, mo ta ení nínú òrùka etí. Òdo! Orúkọ mi ń tàn yòò. Orin ìṣẹ́gun kò dún, a ti pa á. Mo jó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18 Bélú
Eyínafẹ́ ní kí Motọ́lání sin òun lọ rí dókítà ojú. Mo bá wọn lọ. Nítorí èyí ló ṣe wá láti Oǹdó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀tún ti lọ tipẹ́. Ti òsì, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù níbẹ̀. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́.
Nínú mọ́tò, Motọ́lání bi í pé báwo ló ṣe wá ń ta ọfà. Ó ní orin ni. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá yọ, orin á bẹ̀rẹ̀ láti orí. Níbi tí ohùn rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àárín pátákó ni ọwọ́ wà. Ibi yòókù lára pátákó náà ní ibi tirẹ̀ nínú orin, títí kan òrùka etí. Ẹ̀gbọ́n òun ló fi han òun.
Kò wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Àní, kò lè wò mí.
Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí i.
N kò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Bélú
Ọ̀la ló ń lọ. Mo ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Mo ní kó fara dà á.
Mo ti sọ fún wọn: kọ̀ǹpútà ń lọ sí Oǹdó. Motọ́lání náà á lọ, kí ẹnì kan lè máa ka iye tó kù. Owú kò tíì tán nínú mi. Orin tí ọkọ mi fi hàn án, kò fi han èmi. Ó ṣì ń ta mí.
Mo fi ìka kan tẹ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Eyínafẹ́ jókòó, orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ náà ń tàn níwájú rẹ̀, kò rí i. Bí n kò bá kà á, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun là ń dúró dè?
Mo kà á. Mo kọ ọ́ síbí náà. Títíloyè.
"Títíloyè, ẹ̀yin ló kàn."
Mo ti ń tẹ orúnkún nígbà tó na ọwọ́, tó wá èjìká mi títí ó fi bà á.
"Má kúnlẹ̀, Ọláníkẹ́. Jókòó tì mí. Dijú, kó o máa gbọ́."
Mo dijú. Tín-tín-tìn —
"Níbí yìí," ó ní. Ó sì fi ìka mi tẹ bọ́tìnnì.