Ìsìnkú Èédú Àǹtí Àwẹ̀ró

                                        Àdúgbò Nima,
                                        Accra, Ghana.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Morónfólú, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ọ̀fà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àwọn ìbejì ti ń rìn, àbí wọ́n ṣì ń rá kiri ilé? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a ò ṣàìsàn, ebi ò pa wá, ẹ̀rín ló fẹ́ pa wá.

O rántí ilẹ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa lẹ́yìn Amasaman, èyí tí àwọn tó ń wa yanrìn ti bà jẹ́? Nii, olórí ìlú ibẹ̀, ní bí àwọn ò bá rí nǹkan ọ̀gbìn lórí rẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ni àwọn máa fún. Alhaji Mutala, alága ẹgbẹ́, bá lọ bẹ Kwabena, ọkùnrin kan tó ń tún ilẹ̀ ṣe. Kwabena ní kí a sun ṣùkù àgbàdo nínú àgbá tó dé pa títí yóò fi di èédú, kí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, kí a rì í mọ́lẹ̀. Ó ní dípò kí ṣùkù náà jẹrà, kó di afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, inú ilẹ̀ ni yóò wà di ayé àwọn àrọ́mọdọ́mọ wa. Ilẹ̀ á máa di omi mú, ohun ọ̀gbìn á sì ta.

Ọ̀rọ̀ yìí ò wọ Àǹtí Àwẹ̀ró, ọmọ ẹgbẹ́ wa, létí rárá. Ẹni tó ń fi bọ̀ọ̀lì sísun jẹun, tó ti ń ra èédú láti kékeré, ẹ ní kó máa rì í mọ́lẹ̀! Ìgbẹ́ màlúù nìkan ni Àǹtí rì sí ebè tiwọn. Wọ́n di èédú sápò, wọ́n gbé e wọ trotro, ọkọ̀ èrò ibí, ó di Nima.

Wọ́n ní irọ́ a máa sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ti Àǹtí ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kwabena ló yà jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́dọ̀ wọn, ló bá bojú wo iná. Ṣùkù àgbàdo ló ń jó, gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti yin àgbàdo kúrò lára rẹ̀ ṣì hàn kedere.

"Ei, Àǹtí! Èédú wa rèé!"

"Kwabena, máa jẹ bọ̀ọ̀lì ẹ, jàre. Mo ti fi èènì ẹ̀pà sí i."

Nígbà tí Alhaji gbọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Wọ́n pàṣẹ pé Àǹtí fúnra wọn ni yóò rì gbogbo èyí tó kù, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àǹtí ní kò burú. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n we gèlè pupa, bí àwọn ará ibí ṣe ń múra òkú, wọ́n ń sunkún tẹ̀lé sápò. O mọ Ghana, Sátidé lọjọ́ òkú: ta ló máa rí aṣọ òkú tí ò ní yà? Àwọn ará abúlé ń yà, àwọn kan ń gbẹ́lẹ̀, àwọn kan ń dárò. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo ebè ti gba èédú, títí kan ti ọ̀lẹ bí èmi.

Àfi bí Nii ṣe dé láti kẹ́dùn, tí wọ́n bèèrè ẹni tó kú. Àǹtí bá fi ohùn kékeré sọ pé èédú ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di aṣọ Alhaji mú. Nii bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n dà á sórí ebè.

"Ẹ ti sin òkú tiyín síbí, ẹ ti di onílẹ̀. Ta ló tún máa lé yín?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù wábi gbà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, sì bá mi gbé àwọn ìbejì jó. Àǹtí kí ọ púpọ̀. Wọn ò tíì bọ́ aṣọ dúdú, wọ́n ní àwọn ṣì ń gba àlejò.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn nítorí ẹ̀rín,
Raqeebah.