Ọmọ Ajídó Tí Ń Bẹ̀rù Omi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀rù omi ń bà mí. Èmi ọmọ apẹja, tí wọ́n bí sí Ajídó létí ọ̀sà. Ó di ọdún mẹ́ta tí Sẹ̀námì ọmọ mi ti wà nílé ọkọ ní erékùṣù òdìkejì ọ̀sà, iṣẹ́ ni mo sì ń fi ṣe àwáwí. Ìkómọ ọmọ rẹ̀ pàápàá, mi ò dé ibẹ̀.

Lónìí mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo di etí ọkọ̀ mú títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, kò ní sá lọ."

Erékùṣù náà pa rọ́rọ́. Sẹ̀námì kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Mo bá jẹ́wọ́ fún un.

"Omi kẹ̀, Bàbá? Mo rò pé ọkọ mi lẹ ò fẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ náà lé mi nítan. Bóyá bí mo bá ti tètè sọ ọ́...

Ìyá Sẹ̀námì níbí nílé ṣì gbà pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lọ. Láti ọdún mẹ́ta yìí wá ló ti ń bá mi bẹ Sẹ̀námì àti ọkọ rẹ̀. Lọ́la, kí a tó jẹun àárọ̀, màá sọ òótọ́ fún un.