Ọkọ̀ Olówó Pọ́ọ́kú Tí Ó Fi Àwọn Àna Wa Sílẹ̀ Lórí Òkè

Sari-Oro, lẹ́yìn odò,
Agbègbè Naryn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá.

Begimai, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún ilé tí o ń gbé àti fún gbogbo àwọn tí ẹ jọ pín ògiri ní Bishkek. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí òtútù tí ó ń bọ̀ má bà ọ́ láyà. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, a dúpẹ́. Màlúù pupa ti bímọ, abo ni. Ògiri ìdáná ya, a ti fi amọ̀ dí i. Yìnyín ti bo orí òkè, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ó sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni ìtìjú, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe jókòó ti tábìlì yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, pé ọkọ̀ ti dójú tì wá níwájú àwọn àna. Kí n tó gbé fóònù náà kalẹ̀, o ti dá mi lóhùn pẹ̀lú àwòrán orí kékeré mẹ́ta, aláwọ̀ ìyeyè, tí omijé ń dà lójú wọn pòròpòrò. Mo fi han ìyá rẹ, òun náà sì sunkún. Mo wo àwòrán náà dáadáa, mo rí i pé o tilẹ̀ la ẹnu gbàgà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọmọ mi dá nìkan wà ní ìlú ńlá tí ó ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò, kí o lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ ìtìjú kì í ṣe ohun tí a ń fi àtàǹpàkò kọ.

Mo kọ́kọ́ gbà pé o kìlọ̀ fún mi. O ní kí n má ra ọkọ̀, pé ìwọ yóò san owó takisí tí yóò gbé àwọn òbí Adilet, àfẹ́sọ́nà rẹ, láti ìdíkọ̀ wá sílé wa. Mo dá ọ lóhùn pé ọmọ kì í kọ́ bàbá rẹ̀ bí a ti ń gba àlejò, àti pé ẹni tí ó ń bọ̀ wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi kò ní wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wọ àgbàlá mi. Mo sì ti ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun a máa jẹ owó ẹni tí ó rà á láti ọjọ́ tí ó bá ti jáde, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún láyé ti jẹ owó ẹlòmíràn yó, kò sí àyè mọ́ nínú ikùn rẹ̀ tí yóò fi jẹ tèmi. Lórí pátákó, ìṣirò náà tọ́. Mo ta abo màlúù méjì, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà ọkọ̀.

Bí bàbá mi ti kọ́ mi láti ra ẹṣin ni mo ṣe ra ọkọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní ọ̀nà mìíràn. Mo rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ pa á ní ìhà. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ fún mi, wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì wò ó títí. Nígbà tí ó kan iye owó, mo ti ọwọ́ bọ inú apá ẹ̀wù ọkùnrin tí ó ń tà á, kí a lè fi ìka nájà ní bòókẹ́lẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ó rò pé òtútù ni ó ń mú mi, ó sì fún mi ní ìbọ̀wọ́. Ó béèrè iṣẹ́ mi. Mo ní olùkọ́ ni mí, ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní, Tíṣà, ẹ wò ó bí Ọlọ́run ti ń ṣe nǹkan rẹ̀, tíṣà arúgbó kan ní Japan ni ó ni ọkọ̀ yìí, ilé sí iléèwé, iléèwé sí ilé, kò gbé e dé ibòmíràn rí; bí ẹ̀yin ò bá rà á, ta ni kí n wá tà á fún, darandaran? Begimai, mo gbà á gbọ́. Mo san iye tí ó pè, nítorí ojú tì mí láti máa ná ohun-ìní olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bí ẹni ń ná àlùbọ́sà.

Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì ọkọ̀ náà wà, bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ohùn obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń sọ̀rọ̀ ní èdè Japan bí mo bá ti ṣíná sí i. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ ìkíni bí mo bá gbọ́ ọ, mo sì ń dá a lóhùn pé àlàáfíà ni a wà, ìyá, a dúpẹ́. Mo ní kí ìyá rẹ máa dá a lóhùn pẹ̀lú. Ó kọ̀. Ó ní òun kò lè máa kí obìnrin tí ó ń jókòó sínú ọkọ̀ ọkọ òun tí kò sì fojú hàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni kẹ́tù tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwòrán kékeré ni, iná pupa ni, níwájú awakọ̀. Ó ní ẹnu, ó ní etí tí a fi ń gbé e, ẹ̀kán omi kan sì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí fíláásìkì mi, mo mu ife tíì méjì. Nígbà tí mo tún ṣíná, kẹ́tù ti lọ. Inú mi dùn kọjá àlà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kí ó wo bí àwọn ènìyàn yìí ti ní ẹ̀kọ́ ilé tó: ọkọ̀ wọn mọ̀ pé àgbàlagbà ni ó ń wa òun, ó sì ń rán an létí kí ó sinmi. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí kẹ́tù bá ti yọ, ibẹ̀ ni mo ti ń mu tíì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Nígbà tí ó yá, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ilé àti ọjà, mo sì rò pé nítorí òtútù tí ó ń pọ̀ sí i ni.

Taalai, tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọ̀yẹ̀fun, bá mi lójú ọ̀nà ní ọjọ́ kan tí mo jókòó ti fíláásìkì mi. O mọ̀ ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, èyí tí mo máa ń ní kí ó kọjú sí igun yàrá nítorí pé ó máa ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ó yọjú wo inú ọkọ̀. Ó ní, Tíṣà, ẹ má bínú, iná pupa yẹn… Mo ní, Taalai, ṣé mo ti mu ife mi tán? Ó ní rárá, sà. Mo ní, ṣé a ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nígbà tí ife wà lẹ́nu rẹ̀? Ó ní rárá, sà. Ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ, èmi náà rọra mu tíì mi tán, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ láì bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ sọ.

Ní Sátidé ni àwọn òbí Adilet dé láti Talas. Mo lọ gbé wọn ní ìdíkọ̀, mo fi Baba Adilet sí ìjókòó iwájú, bí ó ti yẹ. Àwọn ará ọ̀nà ń wò wọ́n pẹ̀lú ìyanu, nítorí ọwọ́ òsì tí wọ́n wà ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú ọkọ̀ tiwa níbí. Ọlọ́pàá kan dá wa dúró, ó sì kọrí sí fèrèsé wọn. Ó ní, Bàbá, ìwé ìwakọ̀ yín dà? Wọ́n ní àwọn kò wakọ̀. Ó ní, ṣé ọkọ̀ ń wa ara rẹ̀ ni, tí ẹ káwọ́ lé itan bí ẹni tí ó wà níbi àsè? Ó di ìgbà tí mo pè é láti ọwọ́ ọ̀tún kí ó tó tọrọ àforíjì.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, kẹ́tù yọ. Mo dúró, mo tẹ́ aṣọ sórí koríko, mo gbé búrẹ́dì àti tíì kalẹ̀, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kẹ́tù náà fún àwọn àlejò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Baba Adilet, tí ó wa katakata ní oko ìjọba fún ogún ọdún, wo kẹ́tù náà, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo kẹ́tù náà. Wọ́n ní, tíì yìí dára, àna mi. Mo ní kí wọ́n mu sí i. Wọ́n mu sí i.

Ó ku bí ogún ìṣísẹ̀ kí a dé orí òkè nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tí ń fi òkúta lọ irin, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó yẹ kí n sọ̀kalẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ sítíárì ọwọ́ ọ̀tún dì mú. Àwọn àna mi ni ó ti ọkọ̀. Tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí n kò lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Adilet, tí ó ń bọ̀ wá di ìyá ọkọ rẹ, nínú ìborùn funfun àti bàtà tuntun, gbé àyà lé ìdí ọkọ̀ mi nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn. Ìyá Adilet ń wí pé, Baba Adilet, ti nǹkan yìí dáadáa, ṣé gbogbo ẹran tí o ń jẹ nílé kì í délẹ̀ ni? Ọkọ wọn ní, ìwọ ni o ní kí a wọ aṣọ àríyá, máa tì í lọ.

Wọ́n tì í dé orí òkè, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, ó le bí ògiri. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ké pé ẹ dákun, ẹ máa bọ̀, mò ń bọ̀, n kò mọ èyí tí mo ń wí mọ́. Mo wo dígí, mo rí àwọn méjèèjì lórí òkè, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n sì ń kéré sí i. Kìlómítà mẹ́rin ni mo fi sọ̀kalẹ̀ láìsí ìró kankan. Ní ẹnu ọ̀nà wa, gbogbo àgbààgbà ti tò sí ọ̀tún àti òsì, àgùntàn ti wà lórí iná, ìyá rẹ sì ti mú àwo mindinmíìndìn tí a ń dà lé àlejò lórí. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀ kí ó tó rí i pé èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀. Òkìtì koríko ni ó dá mi dúró. Bàbá tí ó dàgbà jù nínú wọn bi mí pé àwọn àna dà. Mo ní wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń wọ̀ bọ̀?

Katakata tí ń kó èédú ni ó gbé wọn dé. Orí èédú náà ni Ìyá Adilet jókòó sí. Ìborùn wọn kò funfun mọ́. Wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n jókòó sí àyè ọlá, wọ́n gba ẹran tí ó tọ́ sí wọn, wọ́n súre fún ilé, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ ọkọ̀. Ó sàn fún mi kí wọ́n bú mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi na ife tíì sí wọn láìmọ̀, èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí pé ó fi ọwọ́ òsì gba ife.

Ní òwúrọ̀, Baba Adilet pè mí sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì koríko. Wọ́n ní, àna mi, mo mọ̀ nígbà tí mo rí iná yẹn. Ọ́ìlì ni, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yín ni ó ti ń tán. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ? Wọ́n ní, ẹ ti ń bu tíì, ẹ sì ń ṣàlàyé. Ṣé àlejò a máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu olùkọ́ nídìí oúnjẹ olùkọ́? Wọ́n wo ẹ̀yìn wọn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí Ìyá Adilet gbọ́ pé mo mọ̀. Obìnrin yẹn ti ọkọ̀. Yóò pa mí.

Mo lọ bá Taalai. Òun náà mọ̀. Mo bá ìyá rẹ sọ ọ́. Ó ní òun kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ ọ́ìlì, ṣùgbọ́n òun ń rí nǹkan dúdú lábẹ́ ọkọ̀ ní àràárọ̀, òun sì ń fi eérú bò ó kí n má baà rí i kí inú mi bàjẹ́. Ènìyàn mẹ́ta, Begimai, gbogbo wọn ni ó rí ìparun mi tí ó ń bọ̀, gbogbo wọn ni ó sì dákẹ́ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí ohun tí mo lè sọ sí wọn. Èmi ni mo kọ́ wọn.

Taalai ní ẹ́ńjìnnì náà ti kú, nítorí náà má fi owó ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́. Ìborùn ni kí o bá mi rà, funfun, olówùú dídára, irú èyí tí kò sí ní ọjà wa, kí n lè fi ránṣẹ́ sí Talas. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi owó díẹ̀ kún un fún bọ́ọ̀sì, kí n lè lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn fúnra mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kí wọ́n tó lọ, Baba Adilet dá ọjọ́: Sátidé tí ó parí oṣù tí ń bọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n gbà á. N kò gbà á. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí n kọ́kọ́ bi ọmọ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní láti ìgbà wo? Mo ní láti òní. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo bi ọ́ bóyá o fẹ́ Adilet, o tẹrí ba, o kò sọ nǹkan kan, o bu tíì kún ife mi. Mo yìn ọ́ fún ìyá rẹ. Mo ní ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ nìyí. Láti Sátidé, n kò sùn dáadáa nítorí ife tíì yẹn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́ kí n kà á. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ ọ́, kí o má bu iyọ̀ sí i, kí o má bẹ̀ mí. Èmi ni yóò gbé e lọ sí Talas, ojú ti tì mí tẹ́lẹ̀, kò ní tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí ó jẹ́ kí o jèrè ọwọ́ rẹ. Kí ó sì fún ọ ní ẹnu láti bá mi sọ̀rọ̀, bí ife tilẹ̀ wà lẹ́nu mi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Osmonali.