Kẹ́hìndé, Má Dákẹ́ Lọ́jọ́ Mọ́ńdè

Ilé Sàlámì,
Pákò, Igbó-Ọrà.

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó sọ yín kalẹ̀ ní méjì lọ́jọ́ kan náà kò ní jẹ́ kí ọ̀kan wá ẹnì kejì tì, àmín. Bàbá rẹ wà, ó ti lọ sóko ẹ̀gẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ló bí, òun náà mọ ìlú tó wà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni bó o ṣe pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. O kí mi, o ní kí n ròyìn ilé, mo bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ n kò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. N kò gbọ́ hẹ̀n, n kò gbọ́ kí ló wá ṣẹlẹ̀. Mo pe Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé, mo ní o ti ṣubú síbì kan, mo figbe ta. Bàbá rẹ fò wọlé tòun tàdá, Ìyá Mùstàfá gbé omi tútù sáré wá láti ojúlé kejì. Ìgbà náà lo wá ní ò ń gbọ́ mi, pé kíláàsì ìbánisọ̀rọ̀ tó ò ń lọ ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀, pé kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni tán kó tó lanu. Bàbá rẹ ní òkú nìkan lòun mọ̀ tí í gbọ́ ọ̀rọ̀ láìdáhùn, ó padà sẹ́yìn ilé.

O ní nítorí íntáfíù iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ torí pé o kò lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá. Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún gbá àgbàlá tí mo ti gbá. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, bí ebi bá ń pa ọ́, Táíwò ló ń wá sọ fún mi. Ta ni kò sì mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn? Mo bá lọ bá Táíwò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe. Mo ní kó fọ epo dúdú ọwọ́ rẹ̀, kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kó wọlé ṣáájú rẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun wà níta, pé ìyẹn ló rán òun wá wo ibẹ̀, kó dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, kí ìwọ wá wọlé gba iṣẹ́.

Táíwò rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n ti ẹ̀yin méjèèjì mọ́lé ni. Mo ní ta ló tì yín mọ́lé lọ́jọ́ tó o rán an wáyé? Ó ní òun kò lọ ṣáá. Ó ní ẹnu òun dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà kì í tíì parí ọ̀rọ̀ tí òun ti máa ń tú ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ bíréèkì ni onítọ̀hún wá tún ṣe. Ó ní tó bá jẹ́ ti ká gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n.

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Mo se ẹ̀wà, mo pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n jẹ, kí wọ́n ṣàdúà fún ẹnu rẹ. Ibi tí mo ti ń bu ẹ̀wà ni mo ti rántí pé lọ́jọ́ tó o pè yẹn, lẹ́yìn tí bàbá rẹ padà sẹ́yìn ilé, o ṣì wà lórí fóònù. Mo sọ ti orúnkún mi, mo sọ ti èsì àyẹ̀wò tí ẹ̀rù ń bà mí láti lọ gbà ní ọsibítù, mo sọ ti àárò rẹ. Mo sọ ọ́ tán! Láti ìgbà tí mo ti délé bàbá rẹ, n kò tíì sọ̀rọ̀ débi àárín kó má sọ pé ó ti yé òun. Ìwọ wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, o ní orúnkún wo ni. Ọ̀tún ni. N kò rántí ẹlòmíì tó bi mí rí.

Nítorí náà, fúnra rẹ ni kó o lọ. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́, máa ṣe hẹ̀n, hẹ̀n, kí wọ́n má baà figbe ta bíi tèmi. Tí wọ́n bá dákẹ́, kí ìwọ má dákẹ́. Bi wọ́n bó o ṣe bi mí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀wà ilé ti tán, mo sì fẹ́ lọ gba èsì náà wàyí. Ọ̀kadà Táíwò kọ́ ni n ó gùn, mo ṣì ń bínú sí i.

Ọlọ́run á fi ọ̀rọ̀ tó yẹ sí ọ lẹ́nu, á fi sùúrù sétí àwọn tó máa gbọ́ ọ, àmín. Tó o bá ti jáde níbẹ̀, pè mí, ròyìn rẹ tán, kó o wá dákẹ́. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àìṣát, Ìyá Ìbejì.