Ìránṣẹ́ Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Ẹni tó dá ọ sí di òní yóò dá ọ sí di ọjọ́ alẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lọ́nà, ojú ọ̀gá rẹ kò ní korò sí ọ. Àwa náà wà. Orúnkún bàbá yín ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, wọ́n sì ti dí ibi tó ń jò ní ilé ìdáná. Mo ti kí ọ tán. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ò ń bínú sí mi, o ní mo dójú tì ọ́ níwájú àwọn àna, ìdí nìyẹn tí o kò fi pè mí mọ́. Èmi tí mo pa aṣọ oníbàárà tì sórí máṣíìnì, tí mo fi rán èyí tí mo máa wọ̀ kí wọn. Jọ̀ọ́ jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni.

Ìwọ lo gbé kọ̀ǹpútà wálé, ìwọ lo fi ìránṣẹ́ aláwọ̀ ewé sínú rẹ̀, o ní bí a bá fẹ́ rí ojú rẹ, ká tẹ̀ ẹ́. À ń tẹ̀ ẹ́, à ń rí ọ, inú wa ń dùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá dé, ó ní tìrẹ yẹn ti di ti àtijọ́, ó fi aláwọ̀ aró tirẹ̀ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ọmọ mi, ilé olórogún kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà báyìí, àwọn méjèèjì á sáré yọ sí mi, kálukú á ní kí n sọ orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ àṣírí mi, nínú ilé mi, lórí tábìlì tí mo fi owó mi rà. Mo sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀kan fún èkejì, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Aláwọ̀ aró tún wá ń bi mí pé ṣé kí òun di olórí gbogbo iṣẹ́ jíjẹ́ nínú ilé yìí. Mo ní rárá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún bi mí, àfi bí ẹni pé mi ò dáhùn rí. Bàbá yín ní kí n gbà fún un kí ilé lè tòrò. Mo ní láéláé, àlejò kì í di onílé lójú mi.

Ó wá di ọjọ́ tí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kí wa. A jókòó, bàbá yín tilẹ̀ wọ bàtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà kì í dé ilẹ̀. Aláwọ̀ ewé dún, mo tẹ̀ ẹ́, òkùnkùn ni mo rí, mi ò gbọ́ ohùn kankan, mo ní wọn ò tíì wọlé nìyẹn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlòmíràn ń lo kámẹ́rà. Mo wo ẹ̀yìn tábìlì, mi ò rí ẹnì kankan. Atúnrédíòṣe ìsàlẹ̀ àdúgbò ló padà sọ fún mi pé aláwọ̀ aró ló di kámẹ́rà mú tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá ẹni tó ń lò ó ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti pè lórí aláwọ̀ aró, ojú rẹ̀ yọ, ó bo gbogbo iwájú kọ̀ǹpútà. Èmi rò pé bí ọ̀kan bá ti wọlé, èkejì á bọ́ síta, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Ó bi mí pé ṣé àwọn àna ti pè. Mo ní wọn ò tíì pè, a wọṣọ jókòó bí ère, pé àwọn tí kò lè kí èèyàn lásìkò, ṣé wọ́n á lè tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ? Mo tún ní nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ jọ ẹni tó ń ka ẹran inú ìkòkò.

Ni ohùn kan bá jáde látinú kọ̀ǹpútà: "Ìyá ìyàwó, a ti ń gbọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ o."

Bàbá yín dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Èmi fa wáyà yọ lára ògiri.

O wá ní ǹ bá wò kí n tó sọ̀rọ̀. Kí ni ǹ bá wò? Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ̀ ń bá ara yín díje, èmi lẹ sọ di pápá ìjà.

Gbọ́ èyí tí o kò tíì gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ pè mí lórí fóònù. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀. Wọ́n ní kí n má bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìránṣẹ́ mẹ́ta ló ń jà nínú kọ̀ǹpútà tiwọn, pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí n tó lanu, àwọn ti sọ fún ọkọ àwọn pé ìyá ìyàwó tó ń fojú pamọ́, eyín rẹ̀ ló ti ká tán. Ìránṣẹ́ wọn ló dí wọn lẹ́nu tí a ò fi gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ làwọn máa fi wá, ilẹ̀kùn làwọn máa kàn. Èmi ni mo sì ń rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín.

Àna ti gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọmọ tí mo bí ló kù.

Nítorí náà, kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, kí ẹ mú ìránṣẹ́ kan, kí ẹ sì lé èkejì jáde. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, mi ò dá sí i. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí káfíńtà lè kan ẹsẹ̀ àga tó ń mì, àna kò gbọdọ̀ ṣubú nílé mi. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ni kí o fún. Má fi gba inú kọ̀ǹpútà o, kí àwọn méjèèjì má baà jà sí i.

Ilé ọkọ á tù ọ́ lára. Wàá bí ọmọ, ọmọ náà á fi ìránṣẹ́ mẹ́fà sínú ilé rẹ, ojú rẹ á sì máa rí ojú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì bínú tán.