Tọ́bò Kékeré àti Tọ́bò Ńlá tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi aránṣọ tó dojú kọ ilé yín ni mo mú kálàmù yìí lọ́wọ́. Bàbá yín ló ń sọ̀rọ̀, èmi ń kọ ọ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wọ́n gbé páálí kan sáàárín ẹsẹ̀ wọn, wọn ò sì jẹ́ kí n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àgbẹ̀ tí kò wọ ilé-ìwé rí ni àwọn, nítorí náà kí n kọ ọ̀rọ̀ àwọn bó ṣe jáde lẹ́nu, kí n má fi ọgbọ́n ilé-ìwé tún un ṣe. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò pè yín lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn àti fóònù ò bára sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ó yá, ẹ gbọ́ wọn.

Àkọ́bí mi, ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé onílé rẹ ti bá ọ tún òrùlé tó ń jò yẹn ṣe? Èmi bàbá rẹ wà. Ìyá rẹ náà wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ ò ní àìsàn kankan. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí epo má ta sí ọ lójú, kí ọkọ̀ tí o bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ títí wàá fi jáde. Mo ti bá ọ ṣe àmín sí i níhìn-ín, nítorí ìgbà tí lẹ́tà yìí bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, àdúrà náà á ti tutù.

Nílé, àgbàdo ti yọ, ó sì yọ dáadáa, àfi apá ibi tí ewúrẹ́ aládùúgbò wa kọjá, tí aládùúgbò wa sì ní ewúrẹ́ òun ò kọjá níbẹ̀, tí mo sì ní kó mú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ wá ká fi wọn ojú ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí o fi gíríìsì sí nígbà tí o wá kò dún mọ́. Èmi dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń bínú, ó ní dídún rẹ̀ ni òun fi ń mọ̀ bí mo bá wọlé lọ ṣí ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló mú mi wá síbí. Ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́ fún mi láàárọ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ kedere. O kí wa. O ní nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tó ń gbẹ̀bí láti ilé dé ilé ní àdúgbò yín gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, pé ọ̀gá rẹ ti gbà kí o dá iṣẹ́ náà ṣe, pé èyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi orúkọ rẹ pè, bó dáa bí kò dáa, àti pé bó bá dáa, wọ́n á fún ọ láyè tìrẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Ìgbà yẹn lo wá ní kí n wo inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tí o tọ́jú tọ́bò méjì sí, kí n fi kékeré rán dírẹ́bà sí ọ, kí n jẹ́ kí ńlá wà níbẹ̀. Mo ní, ọmọ mi, kí ló dé tó fi jẹ́ kékeré? O ò dá mi lóhùn. Ìyá rẹ tún un tẹ̀, ìwọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa bí ẹni pé a ò tíì ríra. Mo ní a ti kíra, dáhùn ohun tí mo bi ọ́. O ní tọ́bò kékeré. Mo pariwo, o ò pariwo padà, o kàn ń sọ ohun tí o ti sọ tẹ́lẹ̀, o tún wá ń rẹ́rìn-ín níparí. Ìyá rẹ ní ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ lánàá ni, pé o ò sí nínú fóònù. Mo ní ta ló wá ń rẹ́rìn-ín?

Aránṣọ yìí dá mi dúró, ó ní kí ni wọ́n ń pè ní tọ́bò. Mo ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé fún èmi náà. Irin ni, ó ká roboto bí ìkarahun ìgbín, abẹ̀bẹ̀ irin sì wà nínú rẹ̀ lápá méjèèjì. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì bá tú jáde ló máa yí abẹ̀bẹ̀ kan, ìyẹn á yí èkejì, èkejì á sì máa ti atẹ́gùn tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Ó wù mí gan-an, nítorí kò fi nǹkan ṣòfò. Èéfín ìdáná ìyá rẹ kì í ṣe iṣẹ́ kankan ju kó máa ta sí mi lójú.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí o ti ń rá, bí a bá gbé nǹkan méjì síwájú rẹ, kékeré lo máa nawọ́ sí, wàá ní ó tó ọ. Mo tún rántí ọjọ́ tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ jọ wá. Ó gbé kékeré sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ṣe èyí fún, pé ńlá ni gbogbo ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù òun ń wá. (Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́, àmọ́ kò dùn mọ́ mi.) Mo wá rò ó pé ìwọ nìkan lobìnrin láàárín wọn, iṣẹ́ tí gbogbo ojú á wà lára rẹ nìyí, ṣé èyí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lo fẹ́ gbé wọ ibẹ̀? Bí ọmọ ẹlòmíràn bá gbé ńlá, kí tèmi gbé kékeré? Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo di ńlá sínú páálí, mo fi okùn so ó.

Ìyá rẹ tú u. Ó ní ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ ohun tó ń fẹ́. Mo ní ohun tó bá tóbi ló lágbára. Ó ní bàtà ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tóbi ju tèmi lọ, ṣé kó lọ yá a wá kí n wọ̀ ọ́ lọ sóko lọ́la? Mo ní ọ̀rọ̀ bàtà kọ́ là ń sọ. Mo ní ká dán wọn wò, kí ojú gbogbo wa rí i.

Mo kọ́kọ́ gbé kékeré sẹ́nu. Mo rọra fẹ́ ẹ bí ẹní ń fẹ́ omi gbígbóná kó tó mu ún, kí n tó mí ìmí mìíràn, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ti ń pòòyì, ó ń dún fẹ̀rẹ̀rẹ̀ bí ìyẹ́ eṣinṣin. Mo gbé ńlá. Mo fẹ́ ẹ, kò mira. Mo tún fẹ́ ẹ, ojú mi ń ṣú, etí mi ń hó, ìgbà tó wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni èémí mi tán. Ìyá rẹ gba irin náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun ò ní di opó nítorí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Mo ní ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn, àyà mi ló gbó, irin náà ò gbó. Mo kó méjèèjì sínú bárò, ó di ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà ní oríta, ìyá rẹ sì ń tiro bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ojú máa tì mí.

Ojú ò tì mí. Fọkanáísà jẹ́ kí àgbá atẹ́gùn rẹ̀ kún dáadáa, ó wá kọ ẹnu ọ̀pá rẹ̀ sí ńlá. Ó lọ́ra, ó lọ́ra, lẹ́yìn náà ló gbéra! Eruku oríta dìde, ajá tó sùn sábẹ́ àtíbàbà fọkanáísà sá lọ, ariwo rẹ̀ sì dùn létí mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń yin ọmọ mi. Ó wá kọ ọ́ sí kékeré. Lóòótọ́, kíá ló yí, ṣùgbọ́n ó kàn ń súfèé ni, kò lè gbé eruku. Mo wo ìyá rẹ. Mo ní ṣé ìwọ náà rí i? Fọkanáísà náà gbè mí, ó ní ní ti agbára, ńlá ni bàbá.

Ìyá rẹ wá ní kó tún yí ńlá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní atẹ́gùn ti tán, ká dúró kí àgbá tún kún. A dúró. Obìnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé, táyà rẹ̀ jò, òun náà dúró. Ìyá rẹ ní níbo ni ọkọ̀ á ti máa rí atẹ́gùn tó pọ̀ tó báyìí? Fọkanáísà ní lójú ọ̀nà gbọọrọ ni, níbi tí dírẹ́bà ò ti ní gbé ẹsẹ̀ kúrò, pé bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó sì ń sáré, ńlá á jí, kò sì ní sí ẹni tó máa bá a. Ìyá rẹ ní nọ́ọ̀sì yìí ò rìn lójú ọ̀nà gbọọrọ, pé àárín àdúgbò ló ń rìn, géètì níhìn-ín, ìkóríta lọ́hùn-ún, kó dúró, kó tún gbéra, bí wọ́n bá sì pè é pé ọmọ ti fẹ́ wálẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló fẹ́ kí ọkọ̀ dá òun lóhùn. Ó ní ṣé kí aboyún sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé kó ṣe sùúrù kí tọ́bò jí? Obìnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn rẹ́rìn-ín, àwa ló sì ń dúró dè. Mo ní kí ìyá rẹ dákẹ́, ó ti sọ̀rọ̀ jù.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, èmi ni mò ń ti bárò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé bí mo bá fi ńlá ránṣẹ́, tí nọ́ọ̀sì dé, tí iṣẹ́ ò tíì parí, ìwọ lo máa dúró níwájú ọ̀gá rẹ, tí wàá ní bàbá mi ló bá mi yàn án. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á gbọ́. Wọ́n á ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń yan irin fún láti oko ni wọ́n fẹ́ fún láyè. Ẹ̀rín tí wọ́n máa rín nítorí kékeré, o lè fi iṣẹ́ rẹ dá a dúró. Èyí tí wọ́n máa rín nítorí mi, kò sí ohun tí o lè fi dá a dúró.

Mi ò tíì gbà pé kékeré dára ju ńlá lọ o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni wọ́n máa pè, kì í ṣe tèmi, nítorí náà ohun tí o ní kí n fi ránṣẹ́ ni mo fi ránṣẹ́. Bí o bá ti parí rẹ̀, gbé ohùn rẹ sínú fóònù, kí o sọ bí ọkọ̀ náà ṣe dáhùn ní ìkóríta. Lọ́tẹ̀ yìí, dúró níbẹ̀ kí o gbọ́ èsì mi kí o tó lọ.

Dírẹ́bà mú ìwé kan wá, ó ní kí n sọ bóyá ẹrù mi lè fọ́. Mo ní kò sí ohun tí kò lè fọ́ bí ẹni tó gbé e ò bá lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n sọ bó ṣe wúwo tó. Mo ní èyí tó wúwo wà nílé. Ó kọ nǹkan kan síbẹ̀, mi ò mọ ohun tó kọ.

Bí ọwọ́ rẹ bá rọ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra túùbù sí bárò. Ó jò lọ́nà nígbà tí à ń bọ̀, atẹ́gùn tí à bá sì fi fẹ́ ẹ ti tán sínú tọ́bò. Rántí òróró ìfira orúnkún ìyá rẹ pẹ̀lú, ìrìn oríta yẹn ò bá a lára mu, ó sì ní èmi ni mo fà á.

Kí Ọlọ́run gbé iṣẹ́ rẹ ga lójú àwọn tó ń wò ọ́. Kí nọ́ọ̀sì yẹn bá gbogbo ọmọ tó ń sáré lọ bá láyọ̀, kó sì bá ìyá wọn láàyè. Kí wọ́n máa bi í pé ta ló ṣe ọkọ̀ rẹ̀, kó sì máa dárúkọ rẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Àmì ọwọ́ bàbá: X

Ẹlẹ́rìí kìíní: ìyá yín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé kékeré ló wà nínú páálí lóòótọ́, pé àwọn tú okùn wò lẹ́yìn tí bàbá so ó, àwọn sì fúnra àwọn tún un so.

Ẹlẹ́rìí kejì: dírẹ́bà. Ó ní bàbá gbé páálí fún òun, wọ́n gbà á padà, wọ́n gbé e sí àyà díẹ̀, wọ́n wá dá a padà, wọ́n ní kí òun ṣáná sọ́kọ̀ kí òun máa lọ kíá, kí àwọn má baà tún gbà á.