Bàbá Rẹ Mú Rọ́ṣíà, Èmi Mú Jàpáànù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òtútù ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì yín ò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn gíga tí ò ń gùn lójoojúmọ́. Kí ọ̀gá rẹ máa rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó má rí àṣìṣe rẹ. Àmín.

Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Bẹ́líìtì máṣíìnì mi já, mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Ajá onígbàjámọ̀ bímọ sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mi ò sì lè lé e, torí ojú tó fi wò mí, ojú abiyamọ ni. Bàbá rẹ ṣì ń sọ pé òun máa tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. O mọ káfíńtà wa, ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò ló ń dé dáadáa àfi tiwa.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bébà nìyí. Lọ́jọ́ tí o pè wá, o ní ilé iṣẹ́ yín fẹ́ rán ọ lọ sókè òkun fún ọdún gbọọrọ, wọ́n ní kí o yan Jàpáànù tàbí Rọ́ṣíà, kí o sì kọ́ èdè ibi tí o bá yàn. O ní èyí tó bá rọrùn jù lo máa mú, ṣùgbọ́n o ò mọ èyí tó rọrùn. O rẹ́rìn-ín, o sì gé fóònù. Àwa ò rẹ́rìn-ín o. Mo ní kò ṣeé gbọ́ pé kí ọmọ wa lọ gbé ẹrù tí a ò bá a gbé wò.

A lọ bá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Ó ní àwọn tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò sọ pé méjèèjì le, ṣùgbọ́n Jàpáànù ń gbà tó ìlọ́po méjì àsìkò Rọ́ṣíà. Mo bi í pé ẹnu ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ó ní ẹnu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní àbùṣe bùṣe, ta ló ń fi ìbàdí ẹlòmíràn wọn síkẹ́ẹ̀tì fún mi? Ló bá bá wa fi áàpù tí àwọn olùkọ́ èdè wà nínú ẹ̀ sínú fóònù. Bàbá rẹ mú Rọ́ṣíà, èmi mú Jàpáànù.

Obìnrin tó ń kọ́ mi nínú fóònù yẹn, ọmọlúàbí ni. Bí mi ò bá yọjú lọ́jọ́ kan, á ránṣẹ́ pé òun ń retí mi. Ó máa ń dùn mí. Mo ti gbé fóònù sẹ́nu, mo ṣàlàyé fún un pé aṣọ oníbàárà ló dá mi dúró, kó má bínú, kó bá mi kí àwọn ará ilé rẹ̀. Kò fèsì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó yìn mí, mo sì mọ̀ pé ìjà ti parí.

Èdè yẹn dùn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wọn ń parí bíi tiwa, ẹnu á ṣí sílẹ̀ ni. Ajá ni wọ́n ń pè ní inu, mo sì pe ajá onígbàjámọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ju ìrù. Ìkọ̀wé wọn ló fẹ́ pa mí. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ sínú ìlà kan ṣoṣo, bí aránṣọ tí aṣọ ò tó fún. Wọ́n ya igi kan, igi ni. Wọ́n ya mẹ́ta pọ̀, ó di igbó. Bàbá rẹ rí i, ó fajú ro, ó ní ibi iṣẹ́ òun ni wọ́n gbé mi lọ yẹn. Mo ní kó jókòó sí Rọ́ṣíà rẹ̀.

Tirẹ̀ náà ò rọgbọ. Ìkọ̀wé wọn ò pọ̀, kíá ló gbọ́ ọ, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ sára gbogbo pákó tó wà nílé. Ẹnu ni wàhálà wà. Eyín iwájú tó ká nù yẹn ò jẹ́ kó lè kí àgbà lọ́nà tiwọn láìtu itọ́ sí wa lára. Ó ní ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́ bíi pákó tútù, o gé e lánàá, lónìí kò wọ ojú ihò mọ́. Èyí tó burú jù ni pé obìnrin ló ń kọ́ ọ. Tíṣà, tó mọ díẹ̀ nínú èdè wọn, gbọ́ ọ níjọ́ kan, ó ní bí obìnrin wọn ṣe ń sọ pé òun lọ, òun jẹ, yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, ti obìnrin sì ni bàbá rẹ ń sọ. Bàbá rẹ bínú fún ọjọ́ mélòó kan. Àǹtí ni mo ń pè é báyìí.

Nítorí náà, ìdáhùn rẹ rèé: Jàpáànù rọ̀ lẹ́nu, ó le lọ́wọ́, Rọ́ṣíà rọ̀ lọ́wọ́, ó le lẹ́nu. Ìwọ lo mọ̀ bóyá ẹnu rẹ tí kì í sinmi lo fẹ́ fìyà jẹ, tàbí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ tó dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ fẹsẹ̀ ha.

Jọ̀ọ́, fi owó fóònù kejì ránṣẹ́, àti ti dátà. Olùkọ́ méjì ò lè gbé inú fóònù kan kí wọ́n má jà. Bí bàbá rẹ bá ti kúrò nídìí ẹ̀, mo máa ń pa á, mo máa ń gbé e sójú fèrèsé kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ tutù.

Wàá ní a ti rí ìdáhùn, kí la tún ń kọ́ sí? Tíṣà náà bi wá bẹ́ẹ̀. Ṣé o rántí pé àbúrò bàbá rẹ obìnrin tó wà lókè òkun mú ọmọ rẹ̀ wá kí wa? Ìyá rẹ̀ jáde díẹ̀, ọmọ náà fi èdè ibi tí wọ́n ń gbé sọ̀rọ̀ kan fún mi, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó tún un sọ, mo tún rẹ́rìn-ín. Ló bá bú sẹ́kún. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ dé ni mo tó mọ̀ pé omi ló ń tọrọ. Ó dùn mí wọra, ọmọ mi. Inú ilé mi ni òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́, tí mò ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ìdí nìyẹn tí a fi pín in. Ibi yòówù kí o lọ bímọ sí, ọ̀kan nínú wa á gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ń sọ, á sì túmọ̀ fún èkejì. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni omi. Bàbá rẹ náà, láì sọ fún mi, omi ló kọ́kọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá lè fi èdè tiwa sí ọmọ rẹ lẹ́nu, a jẹ́ pé gbogbo làálàá wa ti já sófo nìyẹn, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Kí ọ̀nà là fún ọ ní àlọ, kó má dí mọ́ ọ ní àbọ̀. Àǹtí ń kí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.